Ìbọn Kékeré Inú Àpò Oyèrónkẹ́

Oyèrónkẹ́ Adéfọlá kì í ṣe oníjà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Austell lókè òkun á sọ fún ọ pé bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, irú àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ tọ́jú aláìsàn nínú ilé wọn. Ó lè wà ní Duluth láàárọ̀, kó wà ní Union City lọ́sàn-án, kó tó darí sílé lọ dáná fún ọkọ rẹ̀ Nathaniel àti Praise, ọmọbìnrin wọn. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì sí ọjọ́ kan tí ilé onílé bà á lẹ́rù, àfi ọdún tó kọjá.

Ìyá àgbà kan ló ń tọ́jú ní Union City nígbà náà. Àìsàn jẹjẹrẹ ló ń ṣe ìyá yìí, ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń jẹ́ John ló sì ń bá a gbé. Kò pẹ́ tí Oyèrónkẹ́ fi rí i pé oògùn ìrora ìyá náà ń tán láìtọ́jọ́. Èyí tó yẹ kó lo ọ̀sẹ̀ méjì kì í kọjá ọjọ́ mẹ́rin. Ìyá á máa joró lórí bẹ́ẹ̀dì, ìgò oògùn á sì ṣófo létí ìrọ̀rí rẹ̀. John á ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì ti pọ́n.

Òfin iṣẹ́ ni pé kí nọ́ọ̀sì sọ ohun tó bá rí. Oyèrónkẹ́ sọ ọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi wá gbé ìyá náà lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Lóṣù kejì, ìyá kú síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn náà, Oyèrónkẹ́ ń kó ẹrù sínú bọ́ọ̀tù mọ́tò rẹ̀ ní parking lot ilé ìtajà kan ní Duluth, níbi tí wọ́n ti ń ta gàrí àti ẹja gbígbẹ. Bó ṣe gbójú sókè, John ló rí. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn.

“Ìwọ lo jẹ́ kí ìyá mi kú sáàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n,” ó sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú ìkòkò. “Mo mọ mọ́tò rẹ. Mo mọ ọ̀nà tó o máa ń gbà.”

Ó yí padà, ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré dúdú kan, ó sì lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Oyèrónkẹ́ ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi gbogbo tó bá lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló rí ọkọ̀ dúdú náà: ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn rẹ̀ lójú títì, ẹ̀ẹ̀kan níwájú ilé aláìsàn kan, ẹ̀ẹ̀kan ní ìkóríta àdúgbò tiwọn gan-an. Ó lọ sọ fún ọlọ́pàá. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ní bí ọkùnrin náà kò bá tíì ṣe nǹkan kan, ó lójú ohun tí àwọn lè ṣe.

“Ìgbà tó bá ṣe é tán ńkọ́?” ni Oyèrónkẹ́ bi ọkọ rẹ̀ nígbà tó délé. “Ìgbà yẹn ni wọ́n máa wá wọ̀n mí fún pósí?”

“Jẹ́ kí wọ́n yí shift rẹ padà,” Nathaniel ní. “Tàbí ká ṣí kúrò níbí.”

“Ká ṣí lọ síbo, Dádì Praise? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mo fẹ́ ra ìbọn.”

Nathaniel gbé ṣíbí sílẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Union City ló ti ń ṣe ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, kì í yá a lára láti sọ̀rọ̀. “Ìbọn kì í mọ ẹni tó ni ín o, Rónkẹ́,” ó ní.  Ṣùgbọ́n kò ní kó má rà á.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Oyèrónkẹ́ dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan lẹ́bàá ọ̀nà. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ló pàdé níbẹ̀, Faith lorúkọ rẹ̀, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì gẹ irun funfun orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Oyèrónkẹ́ wo inú gíláàsì. Àwọn ìbọn tò síbẹ̀ bí aago ọwọ́. Ó na ìka sí èyí tó kéré jù.

Faith rẹ́rìn-ín. “Gbogbo obìnrin tó bá wọlé síbí, òun ni wọ́n ń mú. Ẹ jẹ́ kí ń kọ́kọ́ bi yín. Ta ni ẹ ń sá fún?”

Oyèrónkẹ́ sọ fún un. Ó yà á lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tú jáde lẹ́nu rẹ̀ fún àlejò. Faith kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó mú un lọ sẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn, ó fún un ní ìbòtí. Èyí tó kéré náà ni wọ́n kọ́kọ́ dán wò. Ó ta Oyèrónkẹ́ lọ́wọ́ débi pé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ro ó títí dé ìgúnpá. “Ìbọn tó bá kéré, tó sì fúyẹ́, òun ló máa ń ta ni lọ́wọ́ jù,” Faith ní. “Ẹ ó máa bẹ̀rù rẹ̀, ẹ ò ní lè fi kọ́ṣẹ́. Ẹni tí kò bá sì fi kọ́ṣẹ́, kó má gbé e.” Ìkejì tóbi, ìka rẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń fà á, irin òkè rẹ̀ sì le débi pé ó ní láti fi eyín di ètè kó tó fà á sẹ́yìn.

Ìkẹta wà láàárín méjèèjì. Ó jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bíi pé wọ́n ti wá wọn ọwọ́ náà tẹ́lẹ̀. Ọta mẹ́wàá ló yìn, mẹ́jọ bọ́ sí àyà àwòrán ènìyàn tí wọ́n gbé kọ́. Nígbà tó sọ ìbọn kalẹ̀, ó rí i pé ọkàn òun balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

“Ibo lẹ máa gbé e sí?” Faith bi í.

“Nínú àpò mi.”

Faith mi orí. “Ara yín ni kó wà. Àpò máa ń bọ́ sílẹ̀. Wọ́n máa ń gbé e kọ́ ẹ̀yìn àga, wọ́n á gbàgbé rẹ̀. Ẹlòmíràn máa ń tọwọ́ bọ̀ ọ́.”

Ṣùgbọ́n aṣọ nọ́ọ̀sì kì í ní bẹ́líìtì. Okùn lásán ni wọ́n fi ń so ṣòkòtò rẹ̀ nídìí, ìbọn á sì wọ́ ọ wálẹ̀. Faith ta ìbọn náà fún un, pẹ̀lú ọ̀já kan tí wọ́n ń dè mọ́ ikùn, tó ní akọ̀ ìbọn lára. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni Oyèrónkẹ́ fi lò ó. Lọ́jọ́ kẹta, ó ń gbé ìyá arúgbó kan láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́, ìyá náà sì ní, “Kí ló le báyìí tó ń gún mi?”  Oyèrónkẹ́ purọ́ pé fóònù ni.

Láti ìgbà náà, inú àpò ló ń gbé e sí. Ó ra èyí tó ní ààyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ní síìpù àti kọ́kọ́rọ́ kékeré. Ó mọ̀ pé ó ti fọwọ́ sí ìwé ilé iṣẹ́ wọn pé òun ò ní gbé ohun ìjà wọ ilé aláìsàn kankan. Ní àràárọ̀, bó bá ti ń ti kọ́kọ́rọ́ náà, ìwé yẹn á sọ sí i lọ́kàn. Á ní, ọ̀sẹ̀ yìí nìkan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kọjá.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan nínú oṣù kẹwàá, ó ń lọ sí ilé Bàbá Dáramọ́lá ní Duluth. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni bàbá, ó ti jẹ́ sájẹ́ǹtì nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà nígbà ogun abẹ́lé. Iyè rẹ̀ ti ń ra. Ilé Comfort ọmọ rẹ̀ ló ń gbé, Comfort sì ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ní yàrá òkè.

Ní Pleasant Hill Road, bí iná títì ṣe dá wọn dúró, Oyèrónkẹ́ wo dígí ẹ̀yìn. Ọkọ̀ akẹ́rù dúdú ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Oòrùn ń ta sí gíláàsì iwájú rẹ̀, kò rí ojú ẹni tó ń wà á.  Ó fa àpò sórí itan, ó ṣí kọ́kọ́rọ́, ó fọwọ́ kan irin tútù náà. Iná yí padà. Ọkọ̀ dúdú náà yà sí ọ̀tún, ó wọ iwájú ilé ìtajà kan, ó sì pòórá láàárín àwọn mọ́tò tó kù.

Kò mọ̀ bóyá John ni. Ojú rẹ̀ kò kúrò nínú dígí ẹ̀yìn títí tó fi dé ilé bàbá. Ó kí i, ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn àga ilé ìdáná, ó po ògì fún un, ó fún un ní oògùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá lọ láti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Kò rántí pé òun ò tíì ti kọ́kọ́rọ́ náà padà.

Bàbá Dáramọ́lá kì í dákẹ́. Bó bá jókòó, á máa fi orin ìsìn kùn lábẹ́ ahọ́n. Oyèrónkẹ́ ń na aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ nígbà tó ṣàkíyèsí pé kíkùn náà ti dúró. Ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ju aṣọ sílẹ̀, ó sáré jáde.

Bàbá tí wọ́n ń fọwọ́ méjì gbé dìde, òun ló dúró ṣánṣán níwájú ilẹ̀kùn gíláàsì ẹ̀yìnkùlé. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn ọgbà, ọkùnrin kan ń fi ẹ̀rọ fẹ́ ewé tó wọ́ sílẹ̀ ní ilé kejì. Òun ni bàbá dojú ìbọn kọ.

“Bàbá,” ni Oyèrónkẹ́ pè é.

“Rọra sọ̀rọ̀,” bàbá ní, kò wẹ̀yìn. “Wọ́n wà nínú igbó yẹn. Ọ̀kan ti yọjú.”

 Bí Oyèrónkẹ́ bá sáré mú un, ìka bàbá á fa ìbọn. Bó bá kígbe, á fà á. Ó rántí ìtàn tí bàbá máa ń tún sọ lójoojúmọ́, nípa ọ̀gá kan tó fẹ́ràn lójú ogun.

“Sájẹ́ǹtì Dáramọ́lá,” ó ní, ó sì mú ohùn rẹ̀ le. “Mo wá gba ìṣọ́ lọ́wọ́ yín. Àkókò yín ti pé.”

Èjìká bàbá na. “Ta ló rán ọ?”

“Kápútẹ̀nì Morákinyọ̀ ni, sà.”

Bàbá mí kanlẹ̀. Ẹnu ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Àfi bí ẹsẹ̀ ṣe dún lórí àtẹ̀gùn. “Daddy,” Comfort ń pè bọ̀ láti òkè, “ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

Bàbá yí bírí, ìbọn yí pẹ̀lú rẹ̀. Oyèrónkẹ́ kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e. Ó kàn rí i pé òun ti wà láàárín àtẹ̀gùn àti bàbá, ihò ẹnu ìbọn sì ń wo òun. Ihò náà kò tóbi ju èyí tí ọmọńdinrín rẹ̀ lè dí.

“Sister Comfort, ẹ dúró síbẹ̀! Ẹ má sọ̀ kalẹ̀!” Lẹ́yìn náà ó mú ohùn rẹ̀ rọ̀. “Ọmọ yín ni, sà. Comfort ni. Ẹ fún mi ní ìbọn, kí ẹ lọ sinmi.”

Bàbá wò ó pẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, bí ojú ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó dojú ìbọn kọlẹ̀, ó fa àpò ọta yọ nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì na àpò ọta náà sí Oyèrónkẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ rántí gbogbo rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ sẹ́yìn wá, àfi ohun kan. Ọta kan ṣì kù nínú ọ̀nà ìbọn. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn láti fi parí iṣẹ́ ìṣọ́ nígbà náà, bàbá fà á lẹ́ẹ̀kan sílẹ̀, kó lè dá a lójú pé ó ṣófo.

Ariwo náà di etí gbogbo wọn. Ọta wọ pákó ilẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ bàbá. Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo Oyèrónkẹ́, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọ kékeré, ó ń pe orúkọ àwọn ènìyàn tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò mọ̀.

Comfort ti wà nísàlẹ̀. Ó gbá bàbá rẹ̀ mọ́ra. Lórí èjìká bàbá ló ti rí àpò tó wà ní ṣíṣí lẹ́yìn àga.

“Ìbọn yìí, tiyín ni?” ó bèèrè.

“Tèmi ni, mà.”

Comfort kò bú u. “Sister Rónkẹ́,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ.”

Oyèrónkẹ́ kò lọ títí àwọn ọlọ́pàá fi dé, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n. Òun náà ló pe ilé iṣẹ́ wọn, kò fi ọ̀rọ̀ kankan sábẹ́ ahọ́n. Wọ́n dá a dúró lọ́jọ́ náà. Àwọn ọlọ́pàá gbé ìbọn lọ. Lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́tà dé pé ó lè wá gbà á. Nathaniel kà á, ó sì fi í sínú dúrọ́ọ̀. Nathaniel yìí kan náà ló ń lọ, tó ń bọ̀ ní ilé ẹjọ́ títí adájọ́ fi fọwọ́ sí ìwé pé John kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìyàwó rẹ̀. Àwọn ènìyàn ní John ti kó kúrò ní Union City. Wọn ò mọ ibi tó lọ.

Bàbá Dáramọ́lá lo oṣù mẹ́rin sí i láyé. Nígbà tí Comfort fi àkókò ìsìnkú ránṣẹ́ sórí fóònù, Oyèrónkẹ́ rò ó títí kó tó lọ. Ó jókòó sí ìlà tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìsìn, Comfort rìn wá bá a, ó dì í lọ́wọ́ mú.

“Láti ọjọ́ yẹn,” Comfort ní, “kò jẹ́ ká ṣí kọ́tìnì ẹ̀yìnkùlé mọ́. Orí ìdúró ló ń sùn, ara ògiri. Títí tó fi kú, Daddy ń ṣọ́ ilé.”

 Ọwọ́ Comfort tutù nínú ti Oyèrónkẹ́, kò sì tíì fi í sílẹ̀.