Oúnjẹ Tí Mo Gbà Lẹ́nu Kẹ́hìndé

Ọjọ́ tí wọ́n já páálí kejì kalẹ̀ níwájú ọ́fíìsì wa ní Igbó-Ọrà, inú mi dùn débi pé mi ò rántí jẹun ọ̀sán. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Rédíò ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní Èrúwà, ni mo bá bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, kí kọ̀ǹpútà tó wá gbé mi dé ilé ìwádìí ẹ̀gẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ méjì tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo ti ń rí wọn, tí mo ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Sáfà ni wọ́n, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù nínú ọ́fíìsì máa ń gbé iṣẹ́ wá bá. Ohun tó ń ronú nínú rẹ̀ là ń pè ní púrósẹ́sọ̀, kò sì tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Inú púrósẹ́sọ̀ yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ wà, kọ́ọ̀ ni orúkọ wọn. Sáfà tó kọ́kọ́ dé ní kọ́ọ̀ méjìlélọ́gbọ̀n, ọwọ́ wọn sì yá gan-an. Èyí tó dé tẹ̀lé e ní mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọwọ́ tiwọn kò yá tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo iye wọn. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ náà yá wa ní méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí a bá dán wọn wò tán, a ó mú ọ̀kan, a ó dá ìkejì padà.

Ìyá Ìbejì tó ń tọ́jú fáìlì wa ló sọ wọ́n lórúkọ. Ó ní èyí tó kọ́kọ́ dé, Táyé ni, ó wá tọ́ ayé wò. Èyí tó dé lẹ́yìn, Kẹ́hìndé ni, òun sì ni ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ló ṣe tóbi. Ní Igbó-Ọrà, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìbejì ti kúrò nílé láìjẹun. Orúkọ náà mọ́ wọn lára kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ní láti sọ ohun tí a fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ènìyàn wa máa ń gbé dúróònù fò, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀, lórí oko ẹ̀gẹ́ láti Tápà dé Ayétẹ̀ dé Ìgàngán. Ó máa ń ya àwòrán lọ bẹẹrẹ. Sáfà ni yóò rán gbogbo àwòrán náà pọ̀ di ẹyọ kan, tí yóò sì fi àwọ̀ pupa kun ibi tí àrùn tó ń ká ewé bá wà. Àgbẹ̀ tó bá rí pupa lórí oko rẹ̀ ti mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ gé igi ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ láti gbìn, torí pé inú igi ni àrùn náà ń bá lọ. Ṣùgbọ́n àwòrán gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Tí òjò bá ti rọ̀, kò sí àgbẹ̀ tó máa dúró de kọ̀ǹpútà.

Lọ́dún tó kọjá, kọ̀ǹpútà wa àtijọ́ mí hẹlẹ lórí iṣẹ́ yìí títí òjò fi rọ̀. Èmi fúnra mi ni mo gbé àwòrán lọ fún Bàbá Ràfíù ní Ìgàngán. Bàbá náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó wò ó títí, ó wá ní, "Ẹ ṣeun o, Bàbá Tọ́lá. Mo ti gbìn ín."

Kò bínú. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú. Nígbà tí mo tún gba ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀ kọjá, ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti ká kò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú tì mí débi pé mi ò lè yà kí i. Mo búra fún ara mi pé irú rẹ̀ ò ní ti ọwọ́ mi ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ méjì yìí fi ká mi lára. Mádáàmù Dókítà, ọ̀gá wa, ti sọ pé èyí tí mo bá mú ni ilé iṣẹ́ máa mú. Mo sì pinnu pé ìdánwò mi kò ní ní ojúsàájú kankan. Ọmọ Èrúwà ni mí, ṣùgbọ́n Igbó-Ọrà ni mo ti fẹ́yàwó. Lọ́jọ́ kan, mo ra bisikíìtì fún Táyé ọmọ àna mi, mo gbàgbé ti Kẹ́hìndé. Ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ìyàwó mi lọ́jọ́ náà kò ṣeé sọ. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí a bá fún Táyé la ó fún Kẹ́hìndé.

Nítorí náà, nígbà tí mo ṣí inú àwọn ẹ̀rọ náà, tí mo rí ráàmù mẹ́jọ lára Táyé, tí mo rí méjìlá lára Kẹ́hìndé, mo mi orí. Mo ní ìrẹ́jẹ rèé. Ráàmù rí pẹlẹbẹ bí rúlà kúkúrú. Òun ni àwo tí àwọn kọ́ọ̀ máa ń gbé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn sí. Iṣẹ́ tí kò bá gba inú àwo, wọ́n á máa sáré lọ kó o wá láti inú sítọ̀ ni, ọ̀nà sítọ̀ sì jìn. Mo yọ mẹ́rin lára Kẹ́hìndé, mo fi nọ́ọ́nù wé wọn, mo jù wọ́n sínú dúrọ́ọ̀ mi. Mẹ́jọ-mẹ́jọ. Inú mi dùn sí ara mi bí adájọ́ tó dájọ́ òdodo.

Ẹni àkọ́kọ́ tó lo ẹ̀rọ ni Dáre, sáfíyọ̀ wa, tó máa ń ṣí àwòrán kan ṣoṣo síwájú rẹ̀, tí á máa fa ìlà ààlà oko sí i. Lórí Táyé, bó ṣe ń fọwọ́ yí àwòrán ni àwòrán ń yí. Lórí Kẹ́hìndé, àwòrán á kọ́kọ́ rò ó kó tó yí. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, torí pé iṣẹ́ ẹnì kan kì í lò ju kọ́ọ̀ mélòó kan lọ, àwọn kọ́ọ̀ Táyé ló sì yára. Iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ gan-an ló yà mí lẹ́nu. Ìpín mẹ́rìnlá la pín oko Ìbàràpá sí. Táyé bẹ̀rẹ̀ ìpín kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó parí rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ ìpín kan náà, fáànù rẹ̀ ń hó yèè, ọjọ́ méjì pé, kò tíì dé ìdajì.

Inú bí mi. Kọ́ọ̀ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún! Díẹ̀ ló kù kí n kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé àgbàyà ni. Mo kọ ọ́ pé ká dá Kẹ́hìndé padà, ká mú Táyé. Mo sì ṣírò rẹ̀: pẹ̀lú Táyé, ìpín mẹ́rìnlá á gbà wá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ìkùukùu sì ti ń ṣú. Ẹni tí a bá fi síwájú, ẹlòmíràn ni yóò wà lẹ́yìn, Bàbá Ràfíù ọdún yìí á sì wà níbì kan tó ń gbìn.

Làsísì awakọ̀ wa gbé Kẹ́hìndé sínú ọkọ̀ lọ́jọ́bọ̀, ó kọrí sí Ìbàdàn. Kò pẹ́ ni Ìyá Ìbejì wá gba ẹ̀dà ìròyìn mi fún fáìlì. Ó ń wá sítépù nínú dúrọ́ọ̀ mi, ló bá fa nọ́ọ́nù yọ, ó ní kí lèyí.

Mo ní, ráàmù Kẹ́hìndé ni, a ti gbàgbé láti dá a padà sí i lára. Ó ní kí ló ṣe tí mo fi yọ ọ́. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe bu ún dọ́gba, tí mo fi ọ̀ràn ìbejì ṣe àpẹẹrẹ, mo ń retí kó yìn mí. Ìyá Ìbejì gbé nọ́ọ́nù náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Bàbá Tọ́lá, aṣọ kan náà ni mò ń rà fáwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé mi á jẹ òkèlè mẹ́fà kí Táyé tó jẹ mẹ́ta. Ta ló sọ fún yín pé ká bu oúnjẹ ìbejì dọ́gba? Ká rí i pé àwọn méjèèjì yó ni."

Mo jókòó. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní rédíò ní Èrúwà máa ń sọ pé, má tíì bú rédíò, wo bátìrì rẹ̀ ná. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn gbéra ga sí àwọn ẹlòmíràn, èmi tí mo wá fi ọwọ́ ara mi yọ bátìrì. Kọ́ọ̀ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni mo ní kó máa jẹun nínú àwo tí méjìlélọ́gbọ̀n ń jẹ. Ọ̀nà sítọ̀ ni wọ́n ń sáré lọ sáré bọ̀ ní gbogbo ọjọ́ méjèèjì. Kẹ́hìndé kò lọ́ra. Ebi ló ń pa á.

Mo pe Làsísì lórí fóònù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Èrúwà. Mo ní kó yí padà, kó gbé Kẹ́hìndé wá fún mi kíákíá.

Ó ní, "Bàbá, ta ni Kẹ́hìndé? Èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀."

Bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni mo ń sáré lọ sí ọ́fíìsì Mádáàmù Dókítà. Ìròyìn mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti mú bírò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì fọwọ́ sí i. Ó bi mí pé kí ló ṣe ẹ̀rọ náà. Mo ní kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ, èmi ni mo ṣe é. Ó wo ojú ọ̀run láti ojú fèrèsé, ó na ìwé náà sí mi, ó ní kí n lọ tún un ṣe.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ ìpín náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ráàmù méjìlá lára rẹ̀. Mi ò lè jókòó. Lórí ojú kọ̀ǹpútà, mo ń rí gbogbo kọ́ọ̀, ìlà kéékèèké mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, tí gbogbo wọn ga dókè, tí ẹyọ kan kò sinmi. Mo pe Dáre wá wò ó. Mo pe ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì náà wá, ẹni tí kò mọ ohun tó ń wò, síbẹ̀ ó bá mi yọ̀. Kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, iṣẹ́ parí. Èmi àgbàlagbà yìí, mo jó yí tábìlì po. Ìyá Ìbejì yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó wò ó, ó ní, "Ó yó," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìròyìn kejì tí mo kọ, mo fi ẹ̀tọ́ Táyé fún un. Ẹni tó bá dá jókòó sídìí iṣẹ́ kan ṣoṣo, bíi Dáre, bíi ayàwòrán ilé, Táyé ni kó mú, kó má wo iye kọ́ọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ogúnlọ́gọ̀ iṣẹ́ bá ti ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, Kẹ́hìndé ni, tí wọ́n bá ti lè bọ́ ọ yó. A mú Kẹ́hìndé. Dáre fajú ro fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ìpín mẹ́rìnlá parí. Atẹ́gùn òjò ti ń fẹ́ nígbà tí mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìgàngán. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé Bàbá Ràfíù, mo rí ìdì igi ẹ̀gẹ́ tó ti gé sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀kan lórí èkejì. Mo na àwòrán sí i. Ó gbà á, ó fi ìka tọ apá kan tó pọ́n kárí, ó wo àwọn ìdì náà. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni òun ti gé wọn.

Mo bi í pé mélòó ló ti gbìn.

Bàbá Ràfíù ká àwòrán náà, ó tì í bọ àpò bùbá rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ẹsẹ̀ ti ìdì igi tó wà lókè, ìdì náà ṣubú lulẹ̀.

Ó ní, "Mi ò tíì gbìn ín."