Àdúrà Tí A Gbà fún Kánsẹ́lọ̀

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún mi. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ayétòrò, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe agbègbè wa ní Ẹ̀gbádò, tí orúkọ Yewa kò tíì dé orí pátákó ìjọba. Bàbá rẹ̀ ti kú. Èmi aránṣọ ni mo tọ́ ọ, mo sì tọ́ ọ bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ikọ́ fée a máa yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí náà mo máa ń fi àdí pa á láyà kó tó jáde nílé, títí kan ìgbà tó ti ń gba owó oṣù.

Ìparí ọdún kan, ìjọba ológun ní kí a dìbò yan àwọn kánsẹ́lọ̀, láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Àwọn òbí ọmọ ilé ìwé rẹ̀ wá bá a pé òun ni àwọn fẹ́ kó dúró fún wọ́ọ̀dù wa. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn, oníṣòwò àti àgbẹ̀. Wọn kò bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ. Ohun tí wọ́n rántí ni pé nígbà tí ìjì ṣí òrùlé kíláàsì àwọn ọmọ wọn, òun ló ń lọ tó ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba títí wọ́n fi kàn án padà. Ó ti gbà fún wọn kó tó sọ fún mi. Nígbà tó sọ ọ́, mo gbé aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀, mo sì bi í bóyá ó ti jẹun. Mo tún bi í.

Ní ìjọ wa, ẹni tó bá fẹ́ dáwọ́ lé ohun ńlá, ìdánwò ni o, ìrìn àjò ni o, iṣẹ́ abẹ ni o, yóò jáde síwájú lẹ́yìn ìwàásù, yóò kúnlẹ̀, Bàbá Ìjọ yóò sì gbàdúrà fún un. Ọmọ mi ní bí òun kò bá rí àdúrà náà gbà, òun yóò sọ fún àwọn òbí náà kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Bàbá Ìjọ sì ti ní àwọn kò ní gbà á fún un, nítorí pé obìnrin ni.

Ẹ má rò pé ènìyàn líle ni wọ́n. Káfíńtà ni wọ́n, àgbà tí gbogbo ìlú mọ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ, Bàbá yìí ló gbé àpótí kan sẹ́nu ọ̀nà mi, tí wọ́n jókòó lé e, tí wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ kó kọ́kọ́ gbé àwọn. Ẹ̀rọ yẹn ni mo fi rán ọmọ mi níwèé.

A lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbọn eruku pákó kúrò lára, wọ́n ṣí Bíbélì sí ibi tí Àpọ́sítélì ti kọ̀ fún obìnrin láti máa pàṣẹ lé ọkùnrin lórí, wọ́n ní kí ọmọ mi fúnra rẹ̀ kà á sókè. Ó kà á. Lẹ́yìn náà ó mú ti obìnrin onídàájọ́ wá, èyí tó ń jókòó lábẹ́ ọ̀pẹ tí gbogbo Ísírẹ́lì ń gbé ẹjọ́ wá bá. Bàbá ní ìgbà tí àwọn ọkùnrin Ísírẹ́lì di ojo ni Ọlọ́run lo ìyẹn.

“Ṣé ojo ni àwa ọkùnrin Ayétòrò?”

“Bàbá, èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.”

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn, wọ́n gbé e mì. Wọ́n ní bó bá jáde síwájú lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn yóò ní kó padà sí ìjókòó. Lójú ọ̀nà mo bẹ̀ ẹ́ kó má jáde. Ẹsẹ Bíbélì tí Bàbá ṣí bá ẹ̀rù mi mu ju bó ṣe bá ìgbàgbọ́ mi mu lọ. Ó ní òun yóò jáde.

Ọjọ́ Ìsinmi náà, àlùfáà wa wà ní ìpàdé ní Abẹ́òkúta, katikíìsì kan láti Ìmàṣàyí ló wá wàásù fún wa. Alùpùpù ló gùn wá, eruku ọ̀nà sì ti sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di pupa. Ó wàásù lórí àwọn onílàjà. Ó ní àgbà kan wà ní ìlú àwọn. Ẹbí méjì ń jà sí etí odò kan, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ àdá sí ara wọn. Àgbà náà gbé àga wọn lọ sétí odò, wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn kò ní dìde àfi bí ẹbí méjèèjì bá wá. Òjò pa wọ́n níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹbí náà wá tán, àgbà yìí dá ẹjọ́ náà láìṣègbè, ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi jọ gbé wọn lọ sílé. Láti ìgbà náà, ó ní, ìlú kì í ṣe ohunkóhun láìbi wọ́n.

Bàbá Ìjọ dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ìwàásù náà ti wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́ọ̀dù wa ń fẹ́ ní kánsẹ́lọ̀, kí gbogbo ìjọ dìde kí a bẹ Ọlọ́run kó fún wa. A gbàdúrà náà kíkankíkan. Àmín tiwọn ló ròkè jù.

Wọ́n wá yíjú sí katikíìsì. “Ẹ mọ ọkùnrin náà dáadáa ni?”

“Bàbá, kì í ṣe ọkùnrin. Ìyá tó bí mi ni.”

Gbogbo ìjọ yíjú sí Bàbá Ìjọ.

“Àgbà lẹ pè wọ́n.”

“Àgbà náà ni wọ́n, Bàbá. Mi ò fẹ́ fi ìyá mi yangàn lórí àga ìwàásù ni.”

“Ẹ tàn mí.”

“Rárá o, Bàbá. Yorùbá ni mo sọ.”

Ẹ̀rín bẹ́ láti ìjókòó àwọn obìnrin, ó sì ràn. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé àgbà tí a bá fi rẹ́rìn-ín lè takú, kí ọmọ mi sì fara gbá a. Bí mo ti ń rò ó lọ́wọ́ ni ọmọ mi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo di etí ìró rẹ̀ mú. Kò já a gbà. Ó kàn dúró, ó ń wò mí, títí mo fi jọ̀ọ́ rẹ̀. Ó lọ síwájú, ó kúnlẹ̀.

Bàbá Ìjọ ní ọ̀rọ̀ Àpọ́sítélì ṣì wà níbi tó wà, àwọn kò sì ní gbé àga ìwàásù fún obìnrin. “Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ kì í ṣe àga ìwàásù. Mo sì ti ṣe àmín. Mi ò lè máa bá Ọlọ́run sọ pé irú ẹni tí mo ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn.” Wọ́n gbójú sókè. “Bàbá rẹ̀ kò sí. Ta ló ń fà á kalẹ̀?”

Ó yé mi pé èmi ni wọ́n ń dúró dè, àti pé bí mo bá jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà parí, ọmọ mi yóò sì wà nílé pẹ̀lú mi. Mo dìde.

“Èmi ìyá rẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ẹ sún mọ́bí, Ìyá Tíṣà. Ẹ gbé ọwọ́ yín lé e, kí n gbé tèmi lé tiyín.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbàdúrà náà. Ọmọ mi wọlé, ó sì ṣe kánsẹ́lọ̀ títí ìjọba fi tú wọn ká. Títí Bàbá fi kú, obìnrin kankan kò wàásù ní ìjọ wa, wọn kò sì yí ohùn padà lórí ìyẹn. Mo ń dúpẹ́ fún wọn síbẹ̀. Ọwọ́ wọn wúwo, ó nípọn, ó ń rùn pákó tútù, ó sì dúró lórí ọwọ́ mi títí ọwọ́ mi fi dẹ́kun gbígbọ̀n.