Ọjọ́ tí Bàbá Rédíò Gbàgbé Ọ̀rọ̀ Àṣírí

Iṣẹ́ gíláàsì ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Bí fèrèsé ẹnikẹ́ni bá fọ́ ládùúgbò, òun ni wọ́n ń pè. Yóò gbé àkàbà rẹ̀ wá, yóò yọ àfọ́kù lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lójú férémù, yóò wọn ààyè rẹ̀, yóò gé tuntun, yóò sì tẹ́ ẹ sójú férémù jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀, ẹnu rẹ̀ ni. Láti ìgbà tó bá ti gun àkàbà títí tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń sọ, kì í sì í dúró gbèsì. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Bàbá Rédíò. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn débi pé òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe olófòófó o. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló máa ń tú síta bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé láti tì. Ẹni tí kò rí i rí láyé, bí wọ́n bá jọ dúró de bọ́ọ̀sì, kí bọ́ọ̀sì tó dé onítọ̀hún á ti mọ ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀, ilé ìwé tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ tó ń dà á nínú rú, àti abẹ́ ìkòkò tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ rẹ̀ sí. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, orí sípíkà ló máa fi í sí, ó ní etí òun ò fẹ́ ohun tó gbóná. Páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló ń lò fún gbogbo nǹkan, orúkọ ajá rẹ̀ sì ni. Àràárọ̀ ni Bàbá Rédíò sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa fi gbogbo ohùn pe ajá ọ̀hún kó wálé.

Ìyàwó rẹ̀ wá jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó lè mọ ẹni tó bí ìbejì tí ará ilé ò tíì gbọ́, kó gba iwájú ilé onítọ̀hún kọjá, kó kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, kó má sì sọ nǹkan kan. Ó máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọkọ á rẹ́rìn-ín, á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun nípọn. Bí wọ́n ṣe ń bá ayé wọn bọ̀ nìyẹn, inú wọn sì ń dùn.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Rédíò wà lórí àkàbà nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù rẹ̀. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Ẹni náà kọ ọ́ pé, “Dádì, fóònù mi ti bàjẹ́. Nọ́ńbà mi tuntun rèé.” Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin ni, olùkọ́ ni ní ìlú mìíràn. Inú bàbá dùn, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ó béèrè bóyá orí fífọ́ ọjọ́ Ajé ti lọ. Ó béèrè bóyá ọ̀gá ilé ìwé náà, ó dá orúkọ rẹ̀, ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń béèrè rẹ̀, kí ó pè é, ó sì kọ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n ìyá náà sí i, bóyá ó ti sọnù pẹ̀lú fóònù àtijọ́. Ẹni tó wà lápá kejì ò ṣe wàhálà ìbéèrè kankan. Ìdáhùn ń wá bá a nílé. Ohùn ọmọ náà kò sì ṣòro láti rí, torí fídíò ọjọ́ ìbí rẹ̀, níbi tó ti ń dúpẹ́ tó sì ń kọrin, wà lójú ewé bàbá rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì ń lọṣọ nílé rẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìyá àgbàlagbà ni, ó ń dá gbé. Ohùn ọmọ àbúrò rẹ̀ ló gbọ́, kedere, tó ń sunkún. Ó ní òun wà nínú ìṣòro ńlá, kí Mọ̀mí àgbà bá òun fi owó ránṣẹ́ kíákíá, kí wọ́n má sì tíì sọ fún Mọ̀mí. Ẹ̀rù ba ìyá, ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í kánjú ni. Ó ní kí ó jẹ́ kí òun wá awò ojú òun, ó pa fóònù náà, ó sì tẹ nọ́ńbà àtijọ́ tó mọ̀ lórí.

Ọmọ náà gbé e, ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu. Mọ̀mí àgbà bi í pé kì í ṣe òun ló ń sunkún bí?

“Èmi, Mọ̀mí àgbà? Búrẹ́dì ni mò ń jẹ.”

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìlọṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ayédèrú ọmọ náà tún pè, ó sọ fún un pé ojúlówó ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́, kí òun náà lọ wá tirẹ̀ jẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ náà wálé, Mọ̀mí àgbà náà sì wá. Ọmọ ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rọ wà nísinsìnyí tó lè sín ohùn ènìyàn jẹ, tí ìyá tó bí i gan-an ò ní mọ ìyàtọ̀. Nígbà tó fi hàn bàbá rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá náà fúnra rẹ̀ ṣe la ọ̀nà sílẹ̀ fún olè, Bàbá Rédíò fi ṣíbí sílẹ̀. Ó dun ún. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló tù ú nínú, ó ní ẹnikẹ́ni ò pàdánù nǹkan kan, àti pé ó ti pẹ́ tí òun ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ìpinnu tí wọ́n ṣe ni pé ìdílé náà yóò ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan. Ẹni tó bá pè láti tọrọ owó, tàbí nọ́ńbà, tàbí nǹkankan tó jẹ́ ti inú ilé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ wo wá ni? Bàbá Rédíò ní kí ó jẹ́ orúkọ ajá. Wọ́n kàn wò ó ni. Ó ní ó dáa, kí ó jẹ́ orúkọ àdúgbò tí wọ́n ti bí òun. Ọmọ rẹ̀ ṣí fóònù, ó fi hàn án pé ó wà lójú ewé rẹ̀, lábẹ́ àwòrán rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kúkú lo Bàbá Rédíò, Mọ̀mí àgbà sì nawọ́ sí àpótí irinṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì, tí kò tíì sọ nǹkankan láti àárọ̀, wá la ẹnu, ó so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì so pọ̀ rí láti ìgbà tí aláyé ti dáyé. Ẹ̀rín mú gbogbo wọn débi pé Mọ̀mí àgbà di tábìlì mú. Ó di ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn. N kò ní kọ ọ́ síbí o.

Ní ọ̀sán yẹn, ọmọ náà jókòó ti fóònù bàbá rẹ̀. Ó ti ojú ewé rẹ̀ mọ́ àwọn àjèjì. Ó wá páswọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ fún nǹkan kọ̀ọ̀kan, ó sì fi àgádágodo kejì kún un, tó fi jẹ́ pé bí olè bá tilẹ̀ mọ páswọ́ọ̀dù, kò tíì wọlé. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n kúkú yí nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ sára ilẹ̀kùn àbáwọlé náà padà, torí ó ti tó ìgbà mélòó kan tí ọkọ òun ti pariwo rẹ̀ láti orí àkàbà fún ẹni tó bá gbé gíláàsì wá.

Bàbá Rédíò rí i pé ọ̀rọ̀ náà dára, ó dìde dúró, ó ṣe òfin. “Ẹni tó bá pè tí kò sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má fún un ní nǹkankan. Bí ó bá jẹ́ èmi gan-an ni, bí mo bá ń bẹ̀bẹ̀, bí mo bá ń sunkún, ẹ má dá mi lóhùn.”

“Ẹ ti sọ ọ́ o,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

“Mo ti sọ ọ́.”

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Rédíò lọ ṣe iṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì dókítà eyín. Àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí ló sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ṣe é tán, wọ́n da omi padà sí i, wọ́n da ẹja sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀ láti wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ bóyá omi ń jò. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni fóònù yọ́ jáde lápò àyà rẹ̀, ó sì lọ bá àwọn ẹja. Ó yọ ọ́, ó nù ún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Fóònù ti sùn.

Ó délé lọ́sàn-án gangan. Ìyàwó wà níbi iṣẹ́. Ó na ìka sí nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn, orí rẹ̀ sì ṣófo. Nọ́ńbà àtijọ́ nìkan ló ń sáré wá sọ́kàn rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, iná pupa tàn. Ó gbìyànjú òmíràn tó jọ ọ́, iná pupa tún tàn. Ìgbà tó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kẹta, ilẹ̀kùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè lé e lórí.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ń ta òdòdó ní òdìkejì òpópónà. Bàbá Rédíò lọ yá fóònù rẹ̀, ó sì pe ìyàwó rẹ̀. Orí sípíkà ló fi í sí.

Ó ní, “Ìyá wa, èmi ni. Fóònù mi bọ́ sómi. Nọ́ńbà ilẹ̀kùn dà?”

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ jáde kúrò nínú wọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọ̀rọ̀ yẹn?”

Ọ̀rọ̀. Bàbá Rédíò yíjú sókè, ó yíjú sílẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà ni gbogbo ohun tó rántí. Ó ní kí ìyàwó òun fi eré sílẹ̀, ṣé kò gbọ́ ohùn òun ni? Ìyàwó ní ohùn kì í ṣe ẹ̀rí mọ́, Mọ̀mí àgbà náà gbọ́ ohùn. Ó ní ẹnìkan tí òun fẹ́ràn gan-an ló ṣe òfin náà, ẹni náà ló sì ní bí òun bá tilẹ̀ ń sunkún, kí wọ́n má dá òun lóhùn.

Ni Bàbá Rédíò bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀rí wá. Ó ní òun lòun wá tún fèrèsé ilé tí nọ́ọ̀sì ń gbé ṣe nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí òun mọ̀ọ́mọ̀ ń gé gíláàsì kù kí òun lè tún padà wá. Onígbàjámọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ yọjú síta, ó ní òun mọ ìyẹn, orí àga òun ló ti sọ ọ́. Bàbá Rédíò ní ìyàwó òun máa ń han-run, tí yóò sì ní ajá ni. Olódòdó bo ẹnu, ó ní òun náà ti gbọ́ ìyẹn. Ó ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì lòun wọ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ti fá apá kan orí rẹ̀ jáde láti ìsọ̀ onígbàjámọ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, ó ní ó wà nínú fídíò.

Nọ́ọ̀sì ń gbọ́ gbogbo wọn. Ó ní, “Ẹ rí i báyìí? Gbogbo àdúgbò ló lè jẹ́ ọkọ mi. Ẹ sọ ohun kan tí ẹ ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.”

Ẹnu Bàbá Rédíò pa mọ́. Olódòdó ní láti ìgbà tí òun ti ń tajà níbẹ̀, òun ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà Bàbá Rédíò na fóònù sí ọ̀dọ́bìnrin náà, ó ní, “Ọmọ mi, báwo ni wọ́n ṣe ń pa sípíkà yìí?”

Wọ́n bá a pa á. Ó gbé fóònù mọ́ etí, ó rìn lọ sí kọ̀rọ̀ ilé, ó kọjú sí ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò pẹ́. Ó wá ń tẹ́tí gbọ́, ó sì ń fi ìka ra ara ògiri bí ọmọdé. Nígbà tó padà wá, ojú rẹ̀ tutù, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Kí ni wọ́n wí, Bàbá?” ni onígbàjámọ̀ béèrè.

“Ó ní òun ń bọ̀.”

“Nọ́ńbà ńkọ́?”

“Kò sọ ọ́.”

Nọ́ọ̀sì fi iṣẹ́ lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Láti ibi kọ́ọ̀nà ni ẹ̀rín ti gbé e, tó fi jẹ́ pé ó ní láti dúró kó di òpó iná mú. Ó dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó wò ó lójú dáadáa, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ni lóòótọ́.” Ó wá yíjú sí àwọn yòókù, ó ní kí gbogbo wọn kọjú sí ojú títì. Olódòdó kọjú síbẹ̀, onígbàjámọ̀ kọjú síbẹ̀ pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ọkùnrin tí wọ́n fá apá kan orí rẹ̀ náà kọjú síbẹ̀. Bàbá Rédíò alára tò sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó kọjú sí títì, nọ́ọ̀sì sì tẹ nọ́ńbà náà. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni olódòdó pe ìyá rẹ̀ kí wọ́n jọ yan ọ̀rọ̀ tiwọn. Onígbàjámọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ fi odindi ọ̀sẹ̀ jiyàn lórí tiwọn, wọ́n sì gbádùn ìjà náà. Bàbá Rédíò ò tíì dákẹ́ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọ̀rọ̀ ṣì ń rọ̀ láti orí àkàbà, ìtàn ilẹ̀kùn yìí ló sì ń sọ jù, ara rẹ̀ ló fi ń ṣe ẹlẹ́yà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá dún, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́jọ́ tí gbogbo wọn tún jọ pàdé níbi oúnjẹ, Mọ̀mí àgbà ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó bi àbúrò rẹ̀ léèrè pé kí ni ọkùnrin yìí sọ gan-an ní kọ̀rọ̀ ilé lọ́jọ́ yẹn?

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọbẹ̀ ń tutù,” ni nọ́ọ̀sì wí.

Òun àti ọkọ rẹ̀ sì wo ara wọn láti òdìkejì tábìlì, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, àwọn yòókù ò sì mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí.