Ìbọn Tó Mọ Ọjọ́ Orí Bàbá Àgbà

"Má fọwọ́ kàn án! Ẹ̀gbọ́n rẹ ni!" Ohùn bàbá àgbà mi ló gba gáréèjì wa ní Richardson, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, kan bí mo ṣe na ìka sí ìbọn tó wà lórí itan rẹ̀. Ó ń fi àkísà nù ún, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, òórùn òróró àti irin àtijọ́ sì gba gbogbo ibẹ̀. Ó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ. Ìwé àṣẹ tí bàbá mi kó jọ kí ìbọn náà tó lè wọ Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó èmi alára.

"Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí mi gan-an ni bàbá mi rà á, tuntun nínú páálí," ló máa ń wí. "Ìbejì mi ni." Ta ló tó já a níyàn?

Bàbá Sachse ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, àdúgbò tó ń gbé la fi ń pè é. Ní gbogbo Sátidé ló ń wá dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì wa, tòun ti orúnkún tó ń ké, nítorí bàbá àgbà ní òun ju ọkùnrin náà lọ. Bàbá àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran. Ó rí bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí Bàbá Sachse rí ìwé ìrìnnà bàbá àgbà lórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé mo jù yín lọ o."

"Ọjọ́ orí ìwé ìrìnnà nìyẹn! Ta ló ń lo ọjọ́ orí ìwé ìrìnnà nínú ilé? Ìbọn mi ni yóò jẹ́rìí."

Bí a ṣe gba ọ̀nà fíríwéè lọ sí Allen nìyẹn, sọ́dọ̀ òyìnbó kan tó ń yẹ ìbọn àtijọ́ wò. Bàbá mi tó ń wakọ̀ fẹ́ mọ iye owó tó lè pa. Ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan ni àwọn àgbà méjèèjì bá lọ. Òyìnbó náà fi tọ́ọ̀ṣì wo nọ́ńbà ara irin, ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní owó rẹ̀ kò tó ra fóònù gidi. Bàbá mi mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó náà dárúkọ ọdún tí wọ́n ṣe ìbọn náà.

Bàbá Sachse ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́: "Ọdún yẹn, mo ti ń rìn o."

Bàbá àgbà kò lè yí ẹnu padà. Gbogbo Dallas ló ti gbọ́ ìtàn ìbejì yẹn. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, bàbá mi fojú bá mi wí. Bàbá àgbà ṣí fìlà, ó di kàńtà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún láti dọ̀bálẹ̀. Òyìnbó rò pé àìsàn ló kọlù ú, ó sáré lọ bu omi.

Bàbá Sachse gbá a lápá mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde, ẹ má ṣe báyìí sí mi. Gbogbo ẹni tó lè bá mi wí ló ti kú tán, ẹ̀yin nìkan ló kù. Bí ẹ bá di àbúrò mi, ta ni mo tún ní?"

Bàbá àgbà nà ró. Ó dé fìlà rẹ̀ padà.

"Ó dáa. Má wá pariwo mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni."

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí, àárò wọn sì ń sọ mí. Èmi náà ti di àǹtí tí àwọn ọmọ ń kúnlẹ̀ kí nínú ìpàdé àwọn Yorùbá. Ó ń dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá pè mí láàárọ̀, tó ní, "Irun wo lo ṣe sórí yẹn?", n kì í bínú mọ́. Mo máa ń ní, "Ẹ má bínú, mà," mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí ọ̀rọ̀ má tán lẹ́nu rẹ̀.