Nígbà Tí Etí Ọ̀gá Mi Ń Lọ

Mo rántí ìgbà tí ọ̀gá mi máa ń fi irin gígùn kan gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń sọ. Á gbé ẹnu irin náà lé ara ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, á gbé ìdí rẹ̀ tó jẹ́ igi sí etí, á sì di ojú méjèèjì. Gbogbo wa á dákẹ́. Nígbà tó bá lajú, á ti mọ ibi tí àìsàn wà: plọ́ọ̀gì kan kò ta iná dáadáa, tàbí epo ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, tàbí bẹ́líìtì ti fẹ́ já. Wákọ̀ṣọ́ọ̀bù wa kò jìnnà sí oríta Ṣàngó-Ọ̀tà, lójú ọ̀nà tóóró kan tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé máa ń gbà wọ àwọn ilé-iṣẹ́, ariwo kì í sì í dáwọ́ dúró níbẹ̀. Àwọn tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe ń lu páànù lápá ọ̀tún wa, jẹnẹrétọ̀ ẹni tó ń ta omi tútù ń bú lápá òsì. Síbẹ̀, ọ̀gá á gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò lè gbọ́. Láti Ọ̀tà títí dé Alápòtì, torí etí yẹn ni àwọn èèyàn ṣe ń wa ọkọ̀ wọn wá bá wa.

Lásìkò tí mò ń wí yìí, mo ti gba fúrídọ̀mù, ṣùgbọ́n mi ò tíì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ oníke kan rí kí n tó wá kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, torí náà mo dàgbà ju àwọn tó kù lọ, mo sì lẹ́nu ju gbogbo wọn lọ. Èmi gan-an gbà pé mo ti di ẹ́ńjìníà. Fóònù mi kún fún fídíò àwọn tó ń sẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì nílẹ̀ òkèèrè. Sísẹ́ẹ̀tì tí mo wí yìí ni pé kí epo, atẹ́gùn àti iná tó ń wọnú ẹ́ńjìnnì bára mu, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ó sì lágbára. Bí mo bá ti jẹun ọ̀sán tán, fídíò ló kàn. Mo lè dárúkọ oríṣìíríṣìí sẹ́ńsọ̀, àwọn nǹkan tó ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣọ́ ẹ́ńjìnnì, fún ọ láìmi, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ ibi tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà lára ọkọ̀. Ọ̀gá á ní, "Ẹ́ńjìníà fóònù, bá mi mú sípánà onínọ́ńbà mẹ́wàá wá," n ó sì sáré lọ mú onínọ́ńbà méjìlá wá.

N kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ etí náà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé ọ̀gá ti ń sọ pé "Kí lo wí?" jù. Lẹ́yìn náà ni irin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ létí rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, ó tún ọkọ̀ awakọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ṣe, ó ní kí ọkùnrin náà tan iná sí i. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, bẹ́líìtì rẹ̀ han gooro débi tí àwọn tó ń lu páànù fi yíjú wò wá. Ọ̀gá wà lórí ẹ́ńjìnnì náà níbẹ̀, ó rọra fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ó ti dáa. Ẹ máa gbé e lọ."

Awakọ̀ náà wo èmi. Èmi náà wo ilẹ̀. Mo ní kí ó pa iná ọkọ̀, mo sì fún bẹ́líìtì náà le. Nígbà tí awakọ̀ náà lọ tán, ọ̀gá pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé ó ń han ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó han púpọ̀?"

"Ó han, sà."

Ó jókòó sórí táyà kan. Ó ní òun ti lọ sí ọsibítù, wọ́n sì ti sọ fún òun pé etí náà ń lọ ni, pé èyí tó ti lọ kò ní padà wá, èyí tó kù náà yóò sì máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ìyàwó òun. "Iṣẹ́ yìí ni mo fi tọ́ ọmọ," ó ní. "Etí yìí náà ni mo sì fi ń ṣe é. Tó bá lọ tán, kí ni mo fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́?" Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fa táyà mìíràn, mo jókòó tì í.

Ó ṣẹlẹ̀ pé mo ti ń múra láti lọ forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kan lásìkò náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà sẹ́ẹ̀tì àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ṣe é, torí náà mo ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Mo rò pé á bínú, tàbí kí ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn bi mí léèrè pé, "Kọ̀ǹpútà yẹn, ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ ni, àbí ó máa ń kọ ọ́?"

"Ó máa ń kọ ọ́ ni, sà. Ó tún máa ń yà á."

"Ó ń ya kí ni?"

"Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí, sà. Ó máa ń fi ìlà yà á. Èèyàn á máa wò ó bó ṣe ń lọ sókè, tó ń lọ sílẹ̀."

Ó yọ̀ǹda mi. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tí mo dé ibùdókọ̀, mo bá ọ̀gá níbẹ̀, ó wọ jálàbíà funfun, ó dé fìlà, ó fi báírò sí àpò àyà. Mo kí i, mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ìsọmọlórúkọ lẹ ń lọ ni?" Ó ní, "Iléèwé ni." Ó sì wọ ọkọ̀ ṣáájú mi.

Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lójú ọ̀nà Ọ̀tà ni wọ́n ti ń kọ́ wa. Olùkọ́ wa, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ni. Nígbà tó rí ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà, ó rò pé bàbá ọ̀kan nínú wa ni, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ta lẹ fẹ́ rí?" Ọ̀gá ní, "Ẹ dìde, Tíṣà. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ rí. Ọmọ iléèwé yín ni mí." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ "ẹ" yẹn ló kù sí mi létí. Ọ̀gá tí kì í fi "ẹ" bá ẹnikẹ́ni tó bá kéré sí i sọ̀rọ̀, ó ń fi í bá ẹni tí ó lè bí lọ́mọ sọ̀rọ̀, kò sì yẹ̀ ẹ́ títí tí a fi parí. Ó lọ jókòó sí ìjókòó iwájú pátápátá. Àwọn tó kù rò pé ìtara ni. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ẹnu tíṣà ló fẹ́ máa wò.

Èdè Òyìnbó ọ̀gá kò pọ̀, ti tíṣà sì pọ̀. Ohun tó bá ti rú u lójú, á gbé e délé, á sì di ìyọnu mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Lọ́sàn-án, bí a bá ti jẹun, a jọ máa ń jókòó ti fóònù mi, fídíò tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lábẹ́ ni mo sì máa ń wá fún un. Á ní kí n dá a dúró, á tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan, á ní, "Kí nìyí?" N ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Á fọwọ́ dá mi dúró. "Sọ ọ́ ní Yorùbá." Ibẹ̀ ni àṣírí mi máa ń tú. Ohun tí mo ti ń wò látọjọ́ pípẹ́, tí mo ti ń fi ṣe fáàrí fún àwọn ọmọ iṣẹ́, bí mo bá ti ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá, á di "ẹ ṣáà mọ̀, sà, nǹkan yẹn". Ọ̀gá á ní, "Mi ò mọ̀. Ìwọ náà ò mọ̀. Jẹ́ ká padà sẹ́yìn." Mo ti ṣe ìdánwò lóríṣìíríṣìí láyé mi, n kò tíì rí èyí tó le tó "Sọ ọ́ ní Yorùbá". Ọ̀nà yẹn la gbà mọ̀ ọ́n, èmi àti òun. Nígbà tí tíṣà kọ́ wa bí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ṣe máa ń bu epo kún èyí tó ń wọnú ẹ́ńjìnnì, tí á tún yọ díẹ̀ kúrò, ọ̀gá ronú sí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Òun náà ń tọ́ ọbẹ̀ wò ni." Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti yé mi.

Ìgbà tí a fẹ́ parí kọ́ọ̀sì, wọ́n ní kí a wá ṣe ọkọ̀ oníbàárà níwájú tíṣà. Wọ́n fi èmi àti ọ̀gá sójú kan. Ọkọ̀ tó kàn wá jẹ́ ti ìyá kan tó ń kó búrẹ́dì láti Alápòtì wá fún àwọn ọlọ́jà ní Ṣàngó. Kí ọ̀gá tó ti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé, ìyá náà ti rojọ́ tán fún mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ mi ń fà, ó sì ń jẹ epo. Epo tó ń jẹ yẹn ti fẹ́ pa mí."

Ọ̀rọ̀ kan ló kó bá mi níbẹ̀. Láàárín àwa mẹkáníìkì, bí a bá ní ọkọ̀ ń fà, ìyìn ni. Ó túmọ̀ sí pé ó lágbára, pé ó ń fa ẹrù rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ. Nítorí náà, mo gbà pé ọkọ̀ ìyá yìí kò níṣòro agbára, epo nìkan ló ń jẹ. Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, mo fọ ibi tí epo ń gbà wọlé, mo pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, mo tan iná. Ẹ́ńjìnnì náà ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì ju ara rẹ̀. Mo na ẹ̀yìn mi, mo wo tíṣà pé kí ó máa bọ̀ wá yẹ ẹ́ wò.

Ọ̀gá kò gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń dún, kò sì gbọ́ ẹjọ́ tí ìyá náà rò. Ó rìn lọ bá a níbi tó jókòó sí, ojú gbogbo kíláàsì sì wà lára rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Etí mi ò gbọ́ràn dáadáa. Ẹ fi ara yín ṣe é fún mi. Báwo ni ọkọ̀ yìí ṣe ń ṣe?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ níwájú àlejò. Ìyá náà wò ó, ó dìde, ó tẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo sórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan ń retí èkejì. "Báyìí ló ń ṣe, bàbá. Tí mo bá kó búrẹ́dì sí i, tí mo fẹ́ gun òkè, á máa fà bí ìgbín. Kẹ̀kẹ́ márúwá á máa yà mí sílẹ̀."

Èmi tó ń pe ara mi ní ẹ́ńjìníà, mo fẹ́ wọlẹ̀. Fífà tí obìnrin yìí ń wí ni èyí tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ kí wọ́n tó mọ ohunkóhun nípa ọkọ̀: pé nǹkan ń fà nílẹ̀, pé kò yá. Ọ̀gá ní kí n wọnú ọkọ̀, kí n máa tẹ iná mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Òun dúró ti kọ̀ǹpútà, ó ń wo ìlà tó ń fi bí atẹ́gùn ṣe ń wọlé hàn. Ìlà náà gòkè díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, bí mo ti wù kí n tẹ̀ ẹ́ tó. Ọ̀gá lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́nu sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, ó tún padà wá wo ìlà rẹ̀. Ó sọ fún tíṣà pé, "Ó ń mí sínú, kò rí ibi mí síta. Ẹ bá mi wò ó, bóyá mo ṣì í." Tíṣà wò ó fúnra rẹ̀, ó ní kí a tú páìpù náà. Asẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ti dí pátápátá, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Nígbà tí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ìyá búrẹ́dì wa ọkọ̀ náà lọ gun òkè, ó sì padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tó fi pariwo pé, "Bàbá, ó ti ń fà o!"

Ọ̀gá wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, ó ní, "Èwo nínú rẹ̀?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, tíṣà fi ọwọ́ dì mọ́ tábìlì kó má bàa ṣubú. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ló fa omi yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́nà ilé, nínú ọkọ̀, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Mo lè máa ṣe é lọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó tún un sọ, bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún.

Ó sì ń ṣe é lọ títí dòní. Etí náà ti lọ tán báyìí, kódà bí ọkọ̀ àjàgbé bá fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, kò ní mọ̀. Àwọn oníbàárà ti mọ̀ pé iwájú rẹ̀ làwọn ní láti dúró sí kí àwọn tó sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń fi ara ṣàpèjúwe fún un kó tó béèrè. Mo ti bá àwọn tó mọ̀wé ju òun lọ ṣiṣẹ́, n kò tíì rí ẹni tó nígboyà bíi tirẹ̀. Ó rọrùn fún èmi láti lọ kọ́ nǹkan tuntun, torí pé mò ń wá bí mo ṣe máa ga ni. Ẹ̀rù ń ba òun ní tirẹ̀, gbogbo ayé sì ti ń pè é ní ọ̀gá, kó tó lọ jókòó síwájú ọmọdé pé kí wọ́n kọ́ òun.

Èmi àti òun la jọ ń sẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì báyìí. Bí a bá parí ọ̀kan, tí ìlà orí kọ̀ǹpútà sì dúró ṣinṣin, ọ̀gá mọ̀ pé iṣẹ́ ti yọrí, kò nílò ẹnikẹ́ni láti sọ fún un. Síbẹ̀, kì í ní kí a pa ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Á gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà, á máa wo ojú mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó dùn ún gbọ́ ni. Nítorí náà, n kì í kánjú. Mo máa ń dúró gbọ́ ọ dáadáa, fún àwa méjèèjì, kí n tó rẹ́rìn-ín.