Dísìkì Ẹgbẹ́ Ìyá

Àkúrẹ́ ni Monílọ́lá ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Òun ló ń bá àwọn ọ́fíìsì to àpótí tí kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọmọ Oǹdó ni, ta ló sì láyà láti sọ fún ṣọ́ọ̀ṣì tó sàmì fún un pé òun ò ráyè?

Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹni tó bá fi fáànù tọrẹ a kọ orúkọ sí i lára, kí Ọlọ́run má baà ṣèèṣì kà á fún ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ kó ohùn àti fídíò wọn pamọ́, òun ni wọ́n pè. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ra dísìkì kọ̀ọ̀kan tó máa wọ inú àpótí náà, wọ́n sì fi máàkà kọ orúkọ gàdàgbà sí i.

"Tiwa nínú tiwa," ni Màmá Agnes, olórí Ẹgbẹ́ Ìyá, wí. "N ò fẹ́ kí ohùn Akínsànyà lọ sùn lọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ Bàbá."

Akínsànyà ni ọkọ rẹ̀, ọ̀gá akọrin tó ti di olóògbé. Orin kan ṣoṣo ló kù tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀, inú fóònù màmá ló sì wà.

"Màmá, tó bá jẹ́ inú tiyín nìkan ló wà, ọjọ́ tí dísìkì bá kú, ó parí nìyẹn," ni Monílọ́lá wí.

"Kú báwo? Tuntun ni, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀!"

Monílọ́lá ò bá a jiyàn. Ó so dísìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ di ọ̀kan nínú àpótí, débi pé ohunkóhun tí wọ́n bá kó síbẹ̀ á pín káàkiri, bí ọ̀kan bá sì ṣubú, àwọn yòókù á lè tún tirẹ̀ kó jọ. Lẹ́yìn náà ló wá pín in sí yàrá mẹ́rin, ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Màmá rí "Ẹgbẹ́ Ìyá" lójú kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí wọ́n da orin inú fóònù òun síbẹ̀. Kò béèrè ìpìlẹ̀. Ta ló ń wọlé tuntun tó ń béèrè ìpìlẹ̀?

Nígbà tó yá, fóònù màmá kú. Kò pẹ́ sí i, iná pupa tàn lára àpótí: dísìkì kan ti lọ. Orúkọ gàdàgbà tó wà lára rẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Ìyá.

Kí Monílọ́lá tó ti Àkúrẹ́ dé, Màmá Agnes ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá Májẹ́kódùnmí, alága Ẹgbẹ́ Bàbá, dúró tì í, ó ń tù ú nínú bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe: "Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ ra ojúlówó?"

Monílọ́lá fa dísìkì náà yọ, ó gbé e lé màmá lọ́wọ́. Ó wá tẹ kọ̀ǹpútà. Ohùn Akínsànyà jáde ketekete, ó sì fà díẹ̀ níbi tó ti máa ń fà.

Màmá wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo kọ̀ǹpútà. "Ṣé kì í ṣe inú èyí ló wà ni?"

"Ọwọ́ gbogbo wọn ló wà, màmá. Díẹ̀ lọ́dọ̀ akọrin, díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́, díẹ̀ lọ́dọ̀ Ẹgbẹ́ Bàbá."

Bàbá Májẹ́kódùnmí nàró. "Ẹ ò rí i? Àwa la gbà á là."

"Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kó kọrin tán," ni màmá wí.

Ó kọ ọ́ tán. Monílọ́lá wá kìlọ̀ pé bí òmíràn bá tún kú kí àyè yẹn tó dí, orin náà ò ní sí mọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni màmá bá a wọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́ lọ ra tuntun. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan máàkà. Ó kọ "Ẹgbẹ́ Ìyá" gàdàgbà ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ronú díẹ̀, ó wá kọ ọ́ wínníwínní sí ìsàlẹ̀: "àti àwọn yòókù."