Ọjọ́ tí Ọkọ̀ Alhaji Wọ Inú Yìnyín

Òórùn dísẹ́ẹ̀lì ni mo fi ń rántí ilé yẹn. Yàrá abẹ́ ilé ni mo ń gbé nígbà náà, ní Chatham, àdúgbò kan nílùú òyìnbó, lọ́dọ̀ Alhaji kan àti ìyàwó rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Alhaja. Fèrèsé kékeré tó wà lókè ibùsùn mi kọjú sí gáréèjì ẹ̀yìnkùlé, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé ni Alhaji sì máa ń lọ síbẹ̀ lọ tan ọkọ̀ rẹ̀. Kò ní lọ síbì kankan o. Á kàn jókòó sínú rẹ̀, á máa tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ilé. Èéfín náà á rọra wọlé bá mi lórí ibùsùn.

Ọkọ̀ Jámánì àtijọ́ ni, ó ju èmi alára lọ lọ́jọ́ orí, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n àgbàlagbà kan ní Hyde Park ni Alhaji ti rà á. Bí yìnyín àkọ́kọ́ bá ti já bọ́, ó parí nìyẹn. Alhaji á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì bò ó títí òtútù á fi lọ, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì máa ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Orogún ni Alhaja ń pe ọkọ̀ náà. "Orogún mi ti da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora," á ní, "èmi ni kí òtútù máa pa."

Ọdún tí mò ń sọ yìí, kíndìnrín Alhaja ti ń dà á láàmú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Hyde Park kí ẹ̀rọ lè bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, yìnyín já bọ́ débi pé wọn ò lè ṣí ibẹ̀ rárá. Nígbà tó fi di àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹsẹ̀ Alhaja ti wú, ó sì ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo sì mọ ohun tí mò ń wò. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibi tí mo tẹ̀ jìn wọlé, kò sì padà, omi ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn ní àwọn ti ṣí, ká máa bọ̀. Ọkọ̀ wo la fẹ́ gbé? Bọ́ọ̀sì kò ṣiṣẹ́, èmi kò sì ní ọkọ̀. Àwọn tó ń fi áńbúláǹsì gbé aláìsàn ní ká ní sùúrù, àwọn tí ọ̀rọ̀ tiwọn le jù wà níwájú wa. Ọmọ wọn ọkùnrin tó máa ń wá gbé e láti Bolingbrook ní ọ̀nà ti dí pa.

Alhaji dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un ni, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ wakọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé o lè wa ọkọ̀ oníjíà?"

"Òun ni mo fi kọ́ ọkọ̀ nílé, sà. Ṣùgbọ́n mi ò wa ọkọ̀ nínú yìnyín rí."

Ọmọ wọn ṣì wà lórí fóònù. "Daddy, please, not that car! Táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, ó máa yọ̀!"

"Mo mọ̀," ni Alhaji dáhùn. "A ó di ẹrù sí i lẹ́yìn kí táyà lè di ilẹ̀ mú."

Ìrẹsì ni ẹrù náà. Àpò méjì tí Alhaja ti rà sílẹ̀ de ààwẹ̀ ni mo gbé sínú búùtù, pẹ̀lú àpò gàrí kan, Alhaja sì ń ké láti orí àga pé, "Ìrẹsì mi o!" Aládùúgbò wa kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, bá mi fi ṣọ́bìrì la ọ̀nà láti gáréèjì dé títì. Alhaji fúnra rẹ̀ ló ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lórí ọkọ̀. Ó ká a dáadáa.

"Má kánjú," ló wí nígbà tí mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. "Jẹ́ kí iná pupa yẹn kọ́kọ́ kú fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ṣì ń gbóná lọ́wọ́ ni." Iná náà kú. Ẹ́ńjìnnì kérora, ó dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó hó, èéfín dúdú bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Jíà kejì ló ní kí n fi gbéra, kí táyà má bàa máa yí lójú kan. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ti wa lọ́rì lójú ọ̀nà oko nígbà òjò. "Ẹrẹ̀ náà ni," ló ń tún sọ. "Ẹrẹ̀ funfun ni." A ń rọra lọ bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tí a dé abẹ́ afárá ojú irin kan, níbi tí omi ti ṣàn tó sì ti dì, ìdí ọkọ̀ yọ̀, ó ń yí lọ sọ́dọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n pa tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Gbogbo ara mi fẹ́ tẹ bíréèkì.

"Gbé ẹsẹ̀ kúrò! Yí ọwọ́ síbi tí ìdí rẹ̀ ń lọ!"

Ìmọ̀ràn tó dà bíi wèrè ni, àmọ́ mo gbà á. Ọkọ̀ náà mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì, ó sì tọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Alhaja láti ẹ̀yìn, "Alhaji, ṣé a ti dé ni?" Bí àwa mẹ́ta ṣe bẹ́ sẹ́rìn-ín nìyẹn, títí omi fi ń bọ́ lójú mi.

A dé. Wọ́n gbé e wọlé kíá, nọ́ọ̀sì tó gbà á sì sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé ká ní a dúró di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ì bá burú. Nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ, èmi àti Alhaji jáde lọ wo ọkọ̀. Iyọ̀ ti funfun sí abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ yí ká. Mo ní kí n lọ wá omi gbígbóná láti fi fọ̀ ọ́ kúrò.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. Ó fi ọwọ́ nu gíláàsì díẹ̀. "Láti ọjọ́ yìí tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀, mi ò mọ ohun tí mò ń tọ́jú rẹ̀ dè."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ìyá mi ti ń bèèrè ìgbà tí òun máa wá wò mí, èmi náà sì ti ń sọ pé ó di ìgbà tí mo bá gba ilé tó dáa, ilé tí mo lè gba ìyá sí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé ìrìnnà rẹ̀ jọ. Inú oṣù keje ni ìyá mi dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ yàrá abẹ́ ilé, ó wo àjà tó kúrú, ó wo ibùsùn kan ṣoṣo tí a jọ máa sùn sí, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀.

"Ṣé ibi tí o wà nìyí látọjọ́ yìí," ló wí, "tí o ò jẹ́ kí n wá bá ọ?"